Ẹ Wá Ẹni Tó Máa Rà Á Kẹ́ Ẹ Tó Gbìn Ín: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Àgbẹ̀ Sọ Lórí Hẹ́ǹpù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, àtẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ oko lẹ fẹ́ ṣe jẹun, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìdúró. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí hẹ́ǹpù, bóyá ó yẹ kí àgbẹ̀ gbìn ín àbí kò yẹ, mo sì yára gbà torí ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Tí mo bá ní hẹ́ǹpù, kí ló kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn? Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mo rí i tí àwọn kan ń wo ojú ara wọn. Igbó ni, àbí? Igbó tí wọ́n ń mu, tí ọlọ́pàá ń torí ẹ̀ gbé èèyàn. Mi ò bá yín wí o, torí Indian hemp ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ igbó látìgbà tá a ti wà ní kékeré, hẹ́ǹpù náà ló wà nínú orúkọ yẹn, ṣé èèyàn á wá gbọ́ ọ kó má rò ó síbẹ̀? Torí náà ibẹ̀ ni máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́KỌ́: ṢÉ IGBÓ NI ÀBÍ KÌ Í ṢE IGBÓ?

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Cannabis sativa ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe méjèèjì. Ewé kan náà, èyí tó pín bí ìka ọwọ́, òórùn wọn gan-an jọra. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú ò lè rí i, inú wọn ló wà, ohun tí wọ́n ń pè ní THC, òun ló ń yí èèyàn lórí. Nínú igbó tí wọ́n ń mu láyé òde òní ó lè tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè tó 20, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti hẹ́ǹpù, òfin Amẹ́ríkà ní kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún, EU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, náà ti ń lo 0.3 báyìí, Switzerland ní tiẹ̀ gbà á dé 1. Ẹ wo bí 0.3 ṣe kéré tó. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mu hẹ́ǹpù kóun lè yó, ikọ́ lásán ló máa wú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí oògùn olóró tí wọ́n ṣe lọ́dún 1961, àdéhùn tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé yẹn, ó wà nínú abala 28 ẹ̀ pé àdéhùn náà ò kan ẹni tó bá ń gbìn ín torí fáíbà, ìyẹn èèpo ẹ̀ tó dà bí okùn, àti kóró ẹ̀ nìkan. Kì í ṣe òfin àgbáyé ló dí àgbẹ̀ lọ́wọ́, òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni, ibẹ̀ sì ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Kánádà ṣí i lọ́dún 1998, Amẹ́ríkà ṣí i pátápátá lọ́dún 2018, South Africa kà á mọ́ irè oko lọ́dún 2021. Ilẹ̀ Faransé ní tiwọn ò tiẹ̀ fìgbà kankan dáwọ́ ẹ̀ dúró.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ o, mo fẹ́ tún un sọ kó yé yín: tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà ò bá tíì fàyè gbà á, ẹ má gbìn ín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé hẹ́ǹpù ni kì í ṣe igbó, ọlọ́pàá tó bá dé oko yín ò ní gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò lọ́wọ́, ewé ló máa rí. Kódà níbi tí òfin ti gbà á, ẹ máa gba láìsẹ́ǹsì, àwọn aláṣẹ á wá já òdòdó ẹ̀ nínú oko lọ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó kórè, tó bá sì fi díẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Gbogbo ẹ̀ o! Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé irúgbìn tó ní ìwé ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kó pẹ́ jù lóko lẹ́yìn tó bá ti tanná, torí bí òdòdó ẹ̀ ṣe ń gbó sí i ni THC ẹ̀ ń ga sí i.

Ọ̀RỌ̀ KEJÌ: KÍ NI WỌ́N Ń FI ṢE?

Nǹkan ọjọ́ pípẹ́ ni. Láyé ìgbà tí ọkọ̀ òkun ń fi atẹ́gùn rìn, okùn ọkọ̀, hẹ́ǹpù ni, aṣọ ìgbòkun náà ńkọ́, hẹ́ǹpù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní canvas, látara orúkọ cannabis yìí ló ti wá. Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1533, ṣe òfin pé ẹni tó bá ń dáko gbọ́dọ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ilẹ̀ ẹ̀ fún hẹ́ǹpù tàbí fún flax, ohun ọ̀gbìn míì tí wọ́n ń fi èèpo ẹ̀ ṣe aṣọ, ẹni tí ò bá ṣe é á san owó ìtanràn. Ọba ń fipá mú àgbẹ̀ gbin hẹ́ǹpù, ẹ rò ó wò.

Ìtàn tó wù mí jù ni ti Amẹ́ríkà. Ọdún 1937 ni wọ́n gbé òfin owó orí kan jáde tó dójú lé igbó, ó sì kó hẹ́ǹpù mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bá fi í sílẹ̀. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ìyẹn, ogun àgbáyé kejì ti dé, Japan ti gba Philippines, ibi tí okùn ti ń wá fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti dí. Kí nìjọba wá ṣe? Ìjọba kan náà yẹn ló tún padà lọ bẹ àwọn àgbẹ̀ lọ́dún 1942 pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa gbin hẹ́ǹpù, wọ́n fún wọn ní irúgbìn, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ sí ẹ̀bá oko wọn, ogun parí, wọ́n ti ilé ẹ̀rọ pa, ọjà bá kú. Ẹ fi ilé ẹ̀rọ yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Ní báyìí ńkọ́? Ẹ wo igi ẹ̀. Ẹni tó bá ti bó èèpo igi ilá rí á mọ ohun tí mò ń sọ, bó ṣe máa ń fà gbọọrọ láìjá. Èèpo hẹ́ǹpù rí bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ le jù ú lọ. Òun ni fáíbà. Wọ́n ń fi í ṣe okùn, aṣọ, bébà, àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Yúróòpù ń fún un pọ̀ mọ́ rọ́bà láti fi ṣe inú ilẹ̀kùn mọ́tò torí kò wúwo. Tẹ́ ẹ bá ti bó èèpo tán, igi fúyẹ́fúyẹ́ tó kù nínú, tó dà bíi pòròpórò àgbàdo, òun ló pọ̀ jù, ó tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá igi náà. Láyé àtijọ́ wọ́n ń dà á nù ni. Ní báyìí wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹṣin àti adìyẹ kí ilẹ̀ ilé wọn lè gbẹ, wọ́n sì tún ń pò ó mọ́ omi àti láìmù, lúbúlúbú funfun tí wọ́n ń rí tí wọ́n bá sun òkúta ẹfun, wọ́n á fi mọ ògiri. Ògiri yẹn ò lè gbé òrùlé o, férémù onígi ló ń gbé òrùlé, àmọ́ ooru ò ní ráyè wọlé, òtútù ò ní ráyè wọlé, iná kì í sì í tètè ràn án. Àwọn ará Faransé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé sẹ́yìn.

Kóró ẹ̀ náà wà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ òróró, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ purotéènì, èèyàn ń jẹ ẹ́, ẹyẹ ń jẹ ẹ́. Ẹyẹ fẹ́ràn ẹ̀ débi pé tẹ́ ẹ ò bá ṣọ́ oko, wọ́n á bá yín kórè.

Ọ̀RỌ̀ KẸTA: KÍ LÓ Ń ṢE FÚN ILẸ̀?

Ibi tó dùn mọ́ mi jù la dé yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ilẹ̀ yín ti rẹ̀, tẹ́ ẹ ní ẹ gbin nǹkan kan náà síbẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ń da ajílẹ̀, ẹ ń fín kẹ́míkà, èrè ń dín kù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Hẹ́ǹpù tí wọ́n bá gbìn torí fáíbà, wọ́n máa ń gbìn ín ṣù ni, ó há mọ́ra wọn gan-an. Tó bá fi máa tó oṣù kan àbọ̀, ewé ẹ̀ ti bo ilẹ̀, koríko tó wà nísàlẹ̀ ò rí oòrùn mọ́, kí ló máa fi dàgbà? Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ rolẹ̀ rí mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ẹ̀yìn àti ìbàdí èèyàn. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti ga tó mítà méjì, ó lè ga tó mẹ́rin. Gbòǹgbò ẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ gan-an tí ilẹ̀ ò bá le, ó ń la ilẹ̀ fún irè tó máa tẹ̀ lé e. Ewé ẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀ lóko, ó ń jẹrà, ilẹ̀ ń gba tiẹ̀ padà. Kò sì bá àgbàdo tàbí ẹ̀wà tàbí ìrẹsì tan rárá, torí náà ọ̀pọ̀ àrùn àti kòkòrò tó ń dúró de àwọn yẹn nínú ilẹ̀ á dúró títí, wọn ò ní rí oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tó fi dáa láti fi gba àárín àwọn irè míì, ọdún yìí hẹ́ǹpù, ọdún tó ń bọ̀ nǹkan míì.

Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Adágún omi kan wà ní àárín Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Aral Sea, nígbà kan òun ló ṣe ìkẹrin nínú àwọn adágún tó tóbi jù láyé, apẹja ń pẹja nínú ẹ̀, ọkọ̀ ń ná an. Láti àwọn ọdún 1960, ìjọba Soviet gbẹ́ kòtò, wọ́n darí odò méjèèjì tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀ sínú oko, òwú ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oko yẹn. Ẹ mọ̀ pé ó gbẹ? Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló gbẹ! Títí dòní, ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀ tó jókòó sórí iyanrìn. Mi ò sọ pé òwú burú o, àmọ́ fáíbà tó máa bo ara ọmọ aráyé, kò yẹ kó jẹ́ látara ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo tó ń gbẹmi bẹ́ẹ̀, hẹ́ǹpù sì ń lo omi tó kéré jù ti òwú lọ dáadáa, òjò nìkan tó fún un ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ti afẹ́fẹ́ tún wà. Àjọ EU sọ pé hẹ́kítà kan hẹ́ǹpù lè fa kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì, afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé gbóná, tó tọ́ọ̀nù 9 sí 15 láàárín oṣù márùn-ún. Ó pọ̀. Àmọ́ ẹ ronú sí i dáadáa, tí wọ́n bá kórè tán tí wọ́n dáná sun igi ẹ̀, gbogbo ẹ̀ náà ló padà sójú ọ̀run yẹn. Tí wọ́n bá fi mọ ògiri, á wà nínú ògiri níwọ̀n ìgbà tí ilé bá wà. Nítorí náà kì í ṣe gbígbìn nìkan ló ń ṣe ayé lóore, ohun tẹ́ ẹ bá fi igi ẹ̀ ṣe ni.

Ó wá kù síbì kan. Àwọn kan ń sọ pé hẹ́ǹpù kì í fẹ́ ajílẹ̀, pé kòkòrò kankan kì í jẹ ẹ́, pé ó ń hù níbi gbogbo. Irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irúgbìn lonítọ̀hún fẹ́ tà fún yín. Ó ń fẹ́ náítírójìn bí àgbàdo ṣe ń fẹ́ ẹ. Kòkòrò wà tó ń lu ewé ẹ̀ jálajàla nígbà tó bá ṣì kéré, òdòdó ẹ̀ tún máa ń bu tí ọ̀rinrin bá pọ̀. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí, ẹ má gbìn ín síbẹ̀, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á kú.

Ilẹ̀ tí májèlé wà nínú ẹ̀ tún ńkọ́? Ní Taranto ní Ítálì, èéfín àti eruku ilé iṣẹ́ irin ńlá kan ba ilẹ̀ oko jẹ́, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní dioxin wọnú koríko, ó wọnú àgùntàn, lọ́dún 2008 ìjọba ní kí wọ́n pa àwọn àgùntàn náà, àwọn àgbẹ̀ tó ti ń ṣe wàràkàṣì látìgbà bàbá wọn dúró, wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe ń kó wọn lọ. Ìgbà tó yá, wọ́n gbin hẹ́ǹpù sórí ilẹ̀ yẹn, ìrètí wọn ni pé á bá wọn fa májèlé jáde díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ti rántí ìtàn yẹn ni ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ohun tó bá wà nínú ilẹ̀, pàápàá irin olóró bíi òjé, hẹ́ǹpù ń fà á mu. Torí náà tí ilẹ̀ yín bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jẹ kóró tó bá ti ibẹ̀ wá.

Ọ̀RỌ̀ KẸRIN: HẸ́ǸPÙ Ń KA OJÚMỌMỌ

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí eléyìí torí ó ti ba àgbẹ̀ púpọ̀ jẹ́. Hẹ́ǹpù ń ka iye wákàtí tí ojúmọmọ fi ń wà. Tí ojúmọmọ bá gùn, á máa ga. Tó bá ti rí i pé òru ti ń gùn, á ní àkókò ti tó, á tanná, nígbà tó bá ti tanná kò ní fi bẹ́ẹ̀ ga mọ́. Ní Yúróòpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ojúmọmọ lè tó wákàtí 16. Nítòsí agbedeméjì ayé ńkọ́? Nǹkan bíi wákàtí 12 náà ni látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin ẹ̀. Ẹ gbé irúgbìn Faransé wá sí irú ibẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Kò ní tó oṣù méjì, á ti tanná, kò tíì ju ìbàdí èèyàn lọ, ẹ ò rí igi, ẹ ò rí fáíbà, kóró díẹ̀ lẹ máa ṣà. Irúgbìn ò bàjẹ́, ilẹ̀ ò bàjẹ́, ibi tí wọ́n bí i sí ni kò jọ ibi tẹ́ ẹ gbé e lọ. Torí náà kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni wọ́n ti gbìn ín rí, ìlú náà ti jìnnà sí agbedeméjì ayé tó? Tí kò bá lè dáhùn, ẹ gbé owó yín, ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má láàlà. Hẹ́ǹpù ní akọ ó ní abo, atẹ́gùn ló sì ń gbé lúbúlúbú akọ kiri, ó lè gbé e lọ jìnnà. Tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ń gbin abo nìkan torí òdòdó, akọ tiyín á sọ gbogbo òdòdó ẹ̀ di oníkóró, iye tó fẹ́ tà á á já wálẹ̀. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbìn.

Ọ̀RỌ̀ KARÙN-ÚN: TA LÓ FẸ́ RÀ Á?

Òun gan-an ló gbé mi wá. Àgbẹ̀ kan pè mí lórí fóònù nígbà kan. Kò kí mi pẹ́. Ó ní òun ti kórè o, ó ní igi ẹ̀ dúró dáadáa, ó ga, ó tọ́, ó ti kún abà, ó tún kún ìta. Mo bá a yọ̀. Ó ní rárá, òun ò pè kí n bá òun yọ̀, ta lóun máa tà á fún? Mo bi í pé ilé ẹ̀rọ tó ń bó èèpo ẹ̀, níbo ló wà? Ó dákẹ́. Kò sí. Èyí tó sún mọ́ ọn jù, ọ̀nà ẹ̀ jìn débi pé owó ọkọ̀ á ju owó igi lọ, torí igi hẹ́ǹpù fúyẹ́ ó sì ń gba àyè, mọ́tò ńlá kan á kún, àmọ́ kò wúwo rárá. Òjò rọ̀ sórí èyí tó wà níta. Ẹ mọ̀ pé ìrì díẹ̀ dáa fún un, kódà wọ́n máa ń dìídì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lóko fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí èèpo ẹ̀ lè jẹrà kúrò lára igi, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù, fáíbà náà jẹrà nìyẹn. Ó jẹrà. Ìgbà tí mo tún pè é, ó ní òun ti tú u dà sórí ilẹ̀.

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣí òfin lópin ọdún 2018, ariwo ta, gbogbo èèyàn fẹ́ gbin èyí tí wọ́n ń torí òdòdó ẹ̀ gbìn, torí òróró CBD, ohun kan nínú òdòdó ẹ̀ tí kì í yí èèyàn lórí bíi THC. Lọ́dún 2019, ilẹ̀ tí wọ́n gba láìsẹ́ǹsì fún lé ní 500,000 éékà. Ta ló fẹ́ ra gbogbo ìyẹn? Ọjà kún, owó já, àwọn kan gbẹ òdòdó wọn pa mọ́ títí ó fi bàjẹ́. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn ṣírò pé iye tí hẹ́ǹpù orílẹ̀-èdè náà tó lọ́dún 2021 jẹ́ mílíọ̀nù 824 dọ́là, lọ́dún 2022 ó já sí mílíọ̀nù 238. Láàárín ọdún kan! Ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí níta gbangba náà já láti 54,000 éékà ó lé díẹ̀ sí 28,000 ó lé díẹ̀.

Ẹ wá fi wé Yúróòpù. Ọdún 2015, hẹ́kítà 20,540. Ọdún 2022, hẹ́kítà 33,020. Kò yára, ó kàn ń lọ ni. Ilẹ̀ Faransé nìkan ló ń mú ju ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún irè yẹn jáde. Kí ni wọ́n ṣe tó yàtọ̀? Ní agbègbè Aube níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lọ́dún 1973, La Chanvrière lorúkọ ẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló ní ilé ẹ̀rọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń kó igi wá. Ṣé ẹ rántí ilé ẹ̀rọ tí Amẹ́ríkà kọ́ nígbà ogun? Ìjọba ló ni ín, ìjọba tì í pa. Ti Aube, àgbẹ̀ ló ni ín, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí, mo gbà pé kí àgbẹ̀ gbin hẹ́ǹpù, mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa rà á, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, iye tó fẹ́ san àti ìgbà tó fẹ́ san án. Ẹ wo bí ilé ẹ̀rọ ṣe jìnnà tó. Tí kò bá sí, ẹ kóra yín jọ, èèyàn mẹ́wàá, èèyàn ogún, ẹ ṣírò bóyá ẹ lè jọ ra ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ má sì gbin éékà kan tẹ́ ẹ ò bá tíì parí ìṣírò yẹn. Ọdún àkọ́kọ́, ibi kékeré ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, ìyókù oko kó ṣì jẹ́ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n gbìn. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìkórè yín, fáíbà yẹn máa ń wé mọ́ ìdí táyà àti irin tó ń yí, ó máa ń gbóná, ó ti dá iná sílẹ̀ rí, ẹ máa dúró tú u dànù lóòrèkóòrè.

Wọ́n ti ń juwọ́ sí mi pé àkókò ti lọ. Màmá tó nawọ́ sókè látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láìsẹ́ǹsì, mo rí yín o, ẹ má bínú. Ẹ bá mi fún wọn ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn. Màmá, ẹ dìde, kí lẹ fẹ́ bi mí?